Ìpara Ẹlòmíràn

Ọdún kẹtàlélógún rèé tí Jethro Oríọlá ti ń gẹrun ní Yába, nílùú Oǹdó. Orí tó ti gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá kò lóǹkà: orí tíṣà, orí àgbẹ̀ kòkó, orí àlùfáà ìjọ Áńgílíkà, orí ọmọ jòjòló tí wọ́n fẹ́ fá fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́. Àwọn oníbàárà a máa sọ pé bí Bàbá Ànú, bí wọ́n ti ń pè é, bá ń gẹrun èèyàn, oorun ni yóò máa kun onítọ̀hún. Ọwọ́ tí wọ́n ń yìn yìí gan-an ni àìsàn wá gbà.

Orúnkún ló ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dún méje sẹ́yìn. Ojú ibẹ̀ pọ́n, ó le, ìpẹ́ funfun sì bò ó bí eérú ṣe ń bo ẹ̀yinná. Jethro pè é ní làpálàpá, ó fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́. Kò lọ. Ó gba ìgúnpá, ó gba ẹ̀yìn, ó gun orí, nígbà tó sì di ọdún kẹta, ó yọ sí àtẹ́lẹwọ́. Ó ń yún un bí ẹni pé ìjàlọ wọ abẹ́ awọ rẹ̀. Bó bá họ ọ́, ìpẹ́ a já bọ́, ẹ̀jẹ̀ a sì yọ tó-tó-tó níbi tí ìpẹ́ ti kúrò. Àràárọ̀ ni Bọ́lánlé ìyàwó rẹ̀ ń gbọn ìpẹ́ ọkọ rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò ráhùn rí, kò fajú ro rí. Àìráhùn yẹn ló tún ń dun Jethro jù.

Ọ̀gá ilé ìwé kan wà tó ti ń gẹrun lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tó ti wà ní àpọ́n. Lọ́jọ́ kan, ó jókòó sórí àga, Jethro gẹ apá òsì orí rẹ̀ tán, ó fẹ́ bọ́ sí apá ọ̀tún. Ọkùnrin náà tajú kán rí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ nínú dígí. Ó fa orí sẹ́yìn.

"Bàbá Ànú, ẹ má bínú. Mo gbàgbé nǹkan sílé."

Ó wọ fìlà, ó sì jáde pẹ̀lú irun apá kan. Kò padà wá mọ́. Láàárín ọdún kan, àwọn yòókù tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀ pé ẹ̀tẹ̀ ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́jọ́ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, ó ṣàkíyèsí pé àwọn tó bá mu ife tẹ̀ lé òun kàn ń fi ètè kàn án lásán ni. Láti ìgbà náà ló ti ń dúró títí gbogbo ìjọ yóò fi gbà tán kó tó dìde.

Kò sí ohun tí kò fi pa á. Ó pa òrí, ó pa àdín, ó pa òróró àdúrà, ó pa ọ́ìlì ọkọ̀ tó ti dúdú. Ó ra ìpara kékeré kan ní kẹ́mísì, ọjọ́ mẹ́wàá péré ni gbogbo ara rẹ̀ sì jọ̀lọ̀. Bọ́lánlé fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sunkún. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù méjì fi pé, àìsàn náà padà bí ẹni tó lọ pe ẹbí rẹ̀ wá. Ibi tí kò dé tẹ́lẹ̀ ló dé. Nígbà náà ni Jethro wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Àkúrẹ́, ó bi àwọn èèyàn léèrè títí ó fi dé ilé ìwòsàn kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àrùn awọ ara.

Dókítà Ọláwuyì ló kọ́kọ́ fún àìsàn náà lórúkọ. Ó di ọwọ́ Jethro mú láìwọ ìbọ̀wọ́, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Kì í ṣe ẹ̀tẹ̀, Bàbá. Kì í ràn. Sọ́ráyásíìsì là ń pè é. Àwọn ọmọ ogun tó yẹ kó máa gba ara yín lọ́wọ́ àrùn ló ṣìnà, awọ ara yín gan-an ni wọ́n ń bá jà."

"Ṣé oògùn rẹ̀ wà?"

"A lè tẹ̀ ẹ́ rì. A ò lè fà á tu."

Ó wá sọ fún un pé wọ́n ń ṣe ìwádìí lórí ìpara tuntun kan, pé bó bá wù ú, ó lè wà lára àwọn tí wọn yóò dán an wò lára wọn. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Kìtán, ọmọ Oǹdó bíi tirẹ̀, ló jókòó tì í láti là á yé e.

"Bàbá, ìpara méjì ló wà. Oògùn wà nínú ọ̀kan, kò sí nǹkan kan nínú èkejì. Àwọ̀ wọn dọ́gba, òórùn wọn dọ́gba. Kọ̀ǹpútà ló ń pín in. Ẹ̀yin ò ní mọ èyí tó kàn yín. Èmi ò ní mọ̀. Dókítà pàápàá ò ní mọ̀, àfi bí ìwádìí bá parí."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi fẹ́ tan aláìsàn?"

"Ẹ̀tàn kọ́, sà. Ojúkojú ni mo ń sọ ọ́ fún yín. Bí a bá mọ ẹni tó ń gba oògùn, ojú wa á máa rí ìwòsàn níbi tí kò sí. Ojú tiwa, ojú tiyín náà."

Jethro mi orí, ó fọwọ́ sí ìwé. Etí rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìpara lásán yẹn dáadáa, ọkàn rẹ̀ ni kò gbà á wọlé. Ọlọ́run tó mú un dé Àkúrẹ́ kò ní mú un dé ibẹ̀ kó tún fi òfìfo lé e lọ́wọ́.

Wọ́n ní kó kọ́kọ́ fi gbogbo ìpara sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí èyí tó ti ń lò tẹ́lẹ̀ lè kúrò lára rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀. Awọ rẹ̀ sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ là, kò lè so bọ́tìnì, Bọ́lánlé ló ń bá a so ó. Aṣọ a lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀; omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni wọ́n fi ń rẹ ẹ́ kí wọ́n tó lè bọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ní, "Olúwa, bó bá jẹ́ pé ẹ̀wù ni awọ ara, ǹ bá bọ́ ọ, ǹ bá dá a padà fún ọ." Kò mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ọjọ́ tí wọ́n pín tíúbù ìpara ló bá Monílọ́lá pàdé. Tíṣà ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni, ní Ìgbàrà-Òkè, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ẹ̀wù alápá gígùn ló wọ̀ nínú ooru, ó fi gèlè bo àtàrí dé etí. Àwọn òbí kan ti kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ máa bọ́ àwọn ọmọ lóúnjẹ mọ́. Ó sọ èyí fún Jethro láìwo ojú rẹ̀, ó ń tẹ ìka mọ́ ìka. Jethro náà sọ ti ọ̀gá ilé ìwé tó sá lọ pẹ̀lú irun apá kan. Monílọ́lá bú sẹ́rìn-ín, ó tọrọ àforíjì, ó tún rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí Jethro ti bá ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín lórí ọ̀rọ̀ náà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ni wọ́n ń lọ. Wọn a ya fọ́tò ara wọn, wọn a fi bébà tó mọ́ gaara wọn ojú egbò, dókítà a kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà, Monílọ́lá ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè.

"Bàbá Ànú, ẹ wò ó."

Apá rẹ̀ mọ́. Àbàwọ́n dúdú díẹ̀ ló kù níbi tí ìpẹ́ ti bò tẹ́lẹ̀. Jethro ní, "Ọlọ́run ṣeun." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó fi í sábẹ́ itan. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń padà sí Oǹdó, inú ń bí i sí ọmọbìnrin náà, ìtìjú ìbínú yẹn sì mú un.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, dókítà wọn tirẹ̀, ó pọ̀ sí i.

"Dókítà, ẹ bá mi pààrọ̀ ìpara yìí. Òfìfo ni wọ́n fún mi."

"Èmi náà ò mọ̀, Bàbá. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kúrò nínú ìwádìí yìí, ẹnikẹ́ni ò ní bínú sí yín, a ó sì máa tọ́jú yín lọ. Ṣùgbọ́n mi ò lè pààrọ̀ rẹ̀."

Jethro bá Monílọ́lá lábẹ́ igi lẹ́bàá ọ̀nà, níbi tó ti ń dúró de ọkọ̀ Ìgbàrà-Òkè. Ọ̀sán gangan ni, èèyàn ń lọ, èèyàn ń bọ̀.

"Tíṣà, fún mi díẹ̀ nínú tìẹ."

"Nínú kí ni, sà?"

"Ìpara náà. Ìdajì péré. Ọwọ́ mi nìkan ni màá fi pa. Bí ọwọ́ yìí bá lè sàn, kí ìyókù máa bẹ."

"Wọ́n ní a ò gbọdọ̀, Bàbá Ànú. Bí mo bá fún yín, tèmi ò ní tó."

"Mo mọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe èyí fún mi."

Jethro gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, tó ní ọmọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọbìnrin náà, dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. Àwọn tó ń kọjá dúró wò. Ọlọ́kadà kan béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Monílọ́lá ń fà á lápá, omijé ti bò ó lójú.

"Ẹ dìde! Ẹ dìde, mo ní ẹ dìde! Màá fún yín."

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti gba tíúbù tuntun, Monílọ́lá a fún ìdajì tirẹ̀ sínú agolo ìpara irun tí Jethro mú wá. Jethro a fi pa ọwọ́, a wọ ọ̀rá lé e. Ìpara tí wọ́n fún òun fúnra rẹ̀ ló fi ń pa ibi yòókù. Lọ́sẹ̀ kejì tó bẹ̀rẹ̀ èyí, yíyún rọ̀. Lọ́sẹ̀ kẹrin, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń mọ́. Ó gbé e han Bọ́lánlé, Bọ́lánlé sì kúnlẹ̀ dúpẹ́ nílé ìdáná. Jethro kò sọ ibi tó ti rí i fún un.

Ṣùgbọ́n ara Monílọ́lá ń padà sẹ́yìn. Ìgúnpá ló kọ́kọ́ pọ́n, lẹ́yìn náà ọrùn, ó wá yọ níwájú orí. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wé gèlè dé etí. Kò sọ nǹkan kan fún Jethro, kò sì dá ìdajì náà dúró.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, Jethro jókòó níta yàrá àyẹ̀wò, ilẹ̀kùn kò sì pa dé. Ó ń gbọ́ ohùn dókítà.

"Monílọ́lá, ṣé ò ń fi ìpara náà bí a ṣe ní kó o máa fi í?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O ò fo ọjọ́ kankan?"

"Rárá, sà."

"Nọ́ọ̀sì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó sàn fún oṣù méjì, ó sì padà bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dá ìpara dúró."

Ó wá yé Jethro pé ohun tí wọ́n kọ yẹn kò ní dúró sí Àkúrẹ́. Àwọn dókítà tí kò rí rí yóò kà á. Wọn yóò fi irọ́ tí òun bí wọn oògùn fún ẹni tí wọn kò tíì bí. Ọmọ olọ́mọ sì jókòó síbẹ̀, ó ń purọ́ nítorí tirẹ̀, ara rẹ̀ ń bó. Kò dúró kí wọ́n pè é. Ó ti ilẹ̀kùn wọlé.

"Dókítà, ẹ pa á rẹ́. Èmi ni mo ń gba ìdajì ìpara rẹ̀."

Monílọ́lá yíjú sí i. "Bàbá Ànú!"

"Láti ọ̀sẹ̀ kẹjọ ni. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́. Ẹ má dá a lẹ́bi."

Nọ́ọ̀sì Kìtán gbé bírò sílẹ̀. Dókítà Ọláwuyì bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nu ún, ó ní òun dúpẹ́ pé ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n òun gbọ́dọ̀ fi tó ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìwádìí létí. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni wọ́n pè wọ́n lórí fóònù. Àwọn méjèèjì kò ní gba ìpara náà mọ́. Ilé ìwòsàn yóò máa fi àwọn oògùn tó wà tẹ́lẹ̀ tọ́jú wọn. Ìpara tuntun yẹn kò sì tíì sí ní kẹ́mísì kankan.

Jethro lọ sí Ìgbàrà-Òkè láti lọ tọrọ àforíjì. Monílọ́lá jáde sí i lẹ́nu ọ̀nà, kò ní kó wọlé. Àìsàn náà ti dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti mú un kúrò ní kíláàsì, yàrá tí wọ́n ń kó ìwé sí ni wọ́n fi í sí.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ sọ ọ́?" ó bi í. "Nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ gbà á, ẹ dọ̀bálẹ̀ fún mi. Nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ sọ ọ́, ẹ ò bi mí."

"Ẹ̀rí ọkàn mi ni, Tíṣà. Wọ́n ń kọ irọ́ sílẹ̀."

"Ẹ̀rí ọkàn yín. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí n parí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gba ìdajì, ẹ tún wá gba ìyókù. Ẹ máa lọ, sà."

Jethro lọ. Ọwọ́ tó mọ́ yẹn kò tó oṣù méjì tó fi tún padà sí bó ṣe wà. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ojoojúmọ́ ló ń rò ó pé, ká ní òun gba òfìfo tí wọ́n fún òun, kí òun sì pa ẹnu mọ́, ọmọ náà ì bá ti sàn.

Oṣù keje lẹ́yìn náà ni Nọ́ọ̀sì Kìtán pè é pé ìwádìí ti parí, wọ́n ti ṣí ìwé tó fi hàn ẹni tó gba oògùn àti ẹni tí kò gbà á, pé kó wá. Jethro dé Àkúrẹ́, dókítà fà á jókòó.

"Bàbá, ìpara tó ní oògùn nínú ni ẹ̀yin gbà láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

Jethro rò pé òun ṣì í gbọ́. "Èmi?"

"Ẹ̀yin. Ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Bíi ẹnì kan nínú mẹ́ta ni kò ṣiṣẹ́ fún, ó dùn mí pé ẹ wà lára wọn."

"Tíṣà ńkọ́?"

"Òun náà ti gbọ́ tirẹ̀. Ó ní òun fọwọ́ sí i kí n sọ fún yín. Ìpara lásán ló gbà."

"Ara rẹ̀ mọ́, Dókítà! Mo fojú mi rí i. Ọwọ́ tèmi náà mọ́!"

"Àìsàn yìí máa ń sinmi fúnra rẹ̀ nígbà mìíràn, kó tún jí. Bóyá tirẹ̀ sinmi. Ìgbàgbọ́ náà sì máa ń ran ara lọ́wọ́. Ní ti ọwọ́ yín, ẹ ní ẹ máa ń wọ ọ̀rá lé e, àbí? Ìyẹn nìkan lè rọ awọ. Ṣé ẹ ṣì ń fi sípírítì nu kílípà nígbà yẹn?"

Jethro ronú. "Oníbàárà wo ló kù tí màá nu kílípà fún?"

"Sípírítì máa ń bí àìsàn yìí nínú gan-an. Mi ò lè búra, ṣùgbọ́n bóyá ìsinmi yẹn ló ràn án lọ́wọ́."

Jethro kò rántí bó ṣe dé inú bọ́ọ̀sì. Bí wọ́n ti ń sáré lọ sí Oǹdó, ohun kan ṣoṣo ló ń yí lórí rẹ̀. Ní gbogbo àkókò tó rò pé òfìfo ni wọ́n fi lé òun lọ́wọ́, ìrètí ṣì wà. Oògùn wà níbì kan, kò kàn dé ọ̀dọ̀ òun ni. Àṣé ó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó fi pa ara fún oṣù mẹ́ta ààbọ̀, kò sì ṣiṣẹ́ fún un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, fóònù rẹ̀ dún. Monílọ́lá ni.

"Bàbá Ànú, wọ́n ti sọ fún yín?"

"Wọ́n ti sọ fún mi."

Jethro ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọdé tó ń ka A-B-D láti òkèèrè, lẹ́yìn ògiri.

"Mo lé yín lẹ́nu ọ̀nà ilé mi," ó ní. "Nítorí òfìfo."

"Ìwọ kọ́ lo dọ̀bálẹ̀, Tíṣà. Èmi ni."

"Ó ti dé ìpéǹpéjú mi. Mo rò pé bí oògùn yẹn bá dé kẹ́mísì lọ́jọ́ kan, màá mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ fún mi. N ò tiẹ̀ mọ ìyẹn mọ́ báyìí. Kí lẹ máa ṣe?"

"N ò mọ̀."

Ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tí àgbà ń sọ fún ọmọ. Ó wá a nínú ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ti fi ń tu òun nínú fún ọdún méje nìkan ló sì bá níbẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó ràn án lọ́wọ́ rí nínú wọn.

"Pẹ̀lẹ́," ó ní.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà."

Bọ́lánlé jáde sí i pẹ̀lú ìkòkò kékeré tí ìpara dúdú wà nínú rẹ̀, èyí tí ilé ìwòsàn ń fún un báyìí. Òórùn rẹ̀ jọ ti ọ̀dà tí wọ́n ń dà sójú títì. Jethro bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i.

"Ibo ló ń yún yín jù?" Bọ́lánlé béèrè.

"Máa pa á lọ," ni Jethro dáhùn. "Ibi gbogbo ni."